Ìró Kẹta

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi. Etí rẹ̀ kéré, ó lẹ̀ mọ́ orí bí etí ọmọ ọwọ́. Ohun tí etí náà ń gbọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sípánà, aṣọ ló ń rán, nínú yàrá kékeré kan tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bó bá jókòó sídìí máṣíìnì, ó máa ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ fẹ́ kán kó tó kán. Á kàn dá ẹsẹ̀ dúró, á yọ abẹ́rẹ́ náà, á ní, "Ìwọ yìí, ó ti rẹ̀ ọ́." Lọ́jọ́ kan ó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó sọdá títì, ó lọ bá mẹkáníìkì tó dorí kodò sínú ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ má bínú o," ó ní. "Ohun tí ẹ ń wá kò sí níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ló ti ń dún. Àtàárọ̀ ló ti ń dà mí létí rú."

Mẹkáníìkì náà gbórí sókè, ọ́ìlì wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé télọ̀ ni yín ni, àbí dókítà?"

"Télọ̀ ni mí. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn."

Ó lọ wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni lóòótọ́. Kí ọdún náà tó parí, Elétí ti gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sọdá títì, ó gbé e sí igun ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì di ìyàwó mẹkáníìkì náà, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n jọ lò níbẹ̀, láàárín ìró abẹ́rẹ́ àti ìró òòlù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó ti wà nílé ọkọ rẹ̀ báyìí.

Òòlù yẹn ló jẹ etí Ọ̀gá. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, tí ọ̀tún sì tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di ọdún mọ́kànlá kó tó kú, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, bí ẹni kan bá yìnbọn lẹ́yìn rẹ̀, kò ní ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń wo ètè èèyàn kó tó dáhùn, bí ẹni bá sì bá a sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, Elétí á ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà á yíjú padà bí ẹni tó ń ronú. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì tó dití, nígbà tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń mọ àrùn ọkọ̀? Alẹ́ ọjọ́ kan ló mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí mo bá ti ẹ̀ kú, má sọ ọ́. Orúkọ nìkan ni mo ní." Elétí sì ṣèlérí fún un.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Ọ̀gá ń ṣe, gíà ọtomátíìkì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Irin rìbìtì kan wà níwájú irú gíà bẹ́ẹ̀, ó tóbi tó ìkòkò, kọ́nfátà ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó gbé gíà lọ bá ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti kọ́nfátà náà wọnú gíà, kí wọ́n máa yí i jẹ́jẹ́ títí yóò fi já wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Kó. Kó. Kó. Bó bá já lẹ́ẹ̀mejì péré, ojú lè má tètè mọ̀, nítorí ohun tó kù kò ju ìbú ìka kan lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi bóòtù fún un pa bẹ́ẹ̀, pọ́ńpù inú gíà á fọ́, gíà á sì di àkúfọ́ kí ọkọ̀ tó rìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Bí tọkọtaya yìí ti ń ṣe é nìyí. Ọ̀gá á máa yí kọ́nfátà, Elétí á gbé ìka kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Bí irin bá já lẹ́ẹ̀kan, á tọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá á mú ṣọ́ọ̀kì, á fa ìlà kan sára gíà. Bí ìlà bá pé mẹ́ta, á fi okùn di kọ́nfátà mọ́ gíà kó má baà yọ̀ jáde, á sì ta okùn náà ní kókó tó le bí òkúta. Bí àlejò bá wá pè é kúrò kó tó parí, òjóbó ló máa ń ta sí i, èyí tí èèyàn á fà lẹ́ẹ̀kan tí á tú. Òjóbó fún iṣẹ́ tó kù, kókó fún iṣẹ́ tó tán. Kò sẹ́ni tó mọ èyí àfi àwọn méjèèjì. Àwọn aládùúgbò tó ń rí wọn lọ́wọ́-nínú-ọwọ́ lórí gíà máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wo àwọn àgbààyà yìí! Ṣé ẹ ò lè dúró dalẹ́ ni?"

Ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ Ọ̀gá ni ọkọ̀ tánkà Bàbá Olómi. Arúgbó ni Bàbá Olómi ń pe ọkọ̀ náà, nítorí ó ti ń gbé omi kiri kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu omi náà tó dáyé. Gíà rẹ̀ kú. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá Olómi fi wá irú rẹ̀ láàárín àwọn àlòkù kó tó rí ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n sì sọ fún un pé kó má wá òmíràn mọ́, pé kò sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé gíà náà dé, Elétí ti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ṣubú nílé ìwẹ̀. Ó ní òun á dé kí aago mẹ́rin tó lù. Mọ́tò dá dúró lójú ọ̀nà, kò dé títí aago mẹ́fà fi kọjá.

Nígbà tó dé, èrò ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá jókòó lórí àga kékeré rẹ̀ nídìí tábìlì iṣẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó la ojú sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀kì wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Ọkàn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, dókítà wí. Gíà wà lórí tábìlì, kọ́nfátà ti wà nínú rẹ̀, okùn sì ti wà lára rẹ̀, ibi tó ta á kọjú sí ògiri. Gbogbo èèyàn ní kò kú lásán, ó parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀.

Elétí jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò rán nǹkan kan, ó kàn jókòó. Wọ́n ti fi tapólì bo gíà náà lórí tábìlì. Bí aago ara ògiri ti fi aago mẹ́rin hàn, ó gbọ́ ọ lábẹ́ tapólì. Kó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: kó. Ó dúró de ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta kò dún. Ibi gbogbo dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ tó sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, tó wá la ẹnu sílẹ̀ tó ń wo ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́rin, ó tún ṣẹlẹ̀. Méjì. Lọ́jọ́ kẹta, méjì. Ó ká tapólì náà kúrò, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo àjà. Kò rí eku, kò rí aláǹgbá. Ní ti ṣọ́ọ̀kì yẹn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú agolo, ó dé agolo. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀kì á wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ìdérí á sì wà lẹ́nu agolo bó ṣe fi í sí. Nígbà àkọ́kọ́, ó pariwo. Nígbà kejì, ó jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, á kàn mú ṣọ́ọ̀kì náà, á dá a padà sínú agolo, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Àbúrò Ọ̀gá ló wá gba ṣọ́ọ̀bù. Òun náà mẹkáníìkì ni, ó ga, ó tín-ínrín, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni Elétí ti ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Òun náà ń pè é ní Ìyàwó Wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó náà fi ọdún méje jù ú lọ. Nígbà tí Elétí sọ fún un nípa ìró náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó Wa, páànù ni. Bí oòrùn bá ń wọ̀, páànù á máa sún kì."

"Ṣé páànù mọ aago mẹ́rin ni?"

"Ẹ lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé yìí ti pa rọ́rọ́ jù fún yín."

Elétí padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, òun ò ní padà.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ikú Ọ̀gá, Bàbá Olómi fa Arúgbó dé. Ó bọ́ fìlà, ó tún kí Elétí kú ará fẹ́ra kù, ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ìyàwó Ọ̀gá, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń wò mí. Wọ́n ní Ọ̀gá ti kú, ṣọ́ọ̀bù náà ti kú. Mo ní rárá, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gíà mi kó tó lọ, kò ju ká gbé e sókè lọ. Ẹ má jẹ́ kójú tì mí o."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé Arúgbó sórí àwọn òpó irin, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó tú okùn ara gíà, nígbà tí Elétí wà lẹ́yìn ilé tó ń rọ ọ́ìlì sínú garawa. Ó gbé gíà sórí jáàkì, ó tì í sábẹ́ ọkọ̀, ó gbé e sókè títí ó fi kan ẹ́ńjìnnì. Kò kàn án tán. Àlàfo díẹ̀ kù láàárín wọn.

Elétí dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àlàfo náà. Ó gbé ìka rẹ̀ sí i. Ìka náà wọlé gẹ́lẹ́.

"Kò tíì wọlé," ó ní.

"Bóòtù á fà á wọlé. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irin tó dógùn-ún ló dí i lọ́nà." Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi bóòtù méjì sí i, ó mú sípánà.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká tún kọ́nfátà yẹn wò."

"Ká tún kí ni wò?" Ó yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ti kọ́nfátà yìí wọlé. Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló gbọ́ irin ju ẹ̀gbọ́n mi lọ?"

Elétí yọ ìka rẹ̀ kúrò nínú àlàfo náà. Bó bá dákẹ́, gíà kan ṣoṣo tó kù á fọ́, wọ́n á sì sọ pé iṣẹ́ tí Ọ̀gá ṣe kẹ́yìn ló fọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, á tú àṣírí tó bura pé òun ò ní tú. Bàbá Olómi wà lábẹ́ igi níta, kò jìnnà, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́. Elétí wo aago ara ògiri. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ yí sípánà. Irin ké.

Kó.

Kì í ṣe orí tábìlì ló ti wá lónìí. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti wá, nínú gíà gan-an, láàárín ọwọ́ Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ méjèèjì. Sípánà dúró.

Kó.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ sùn sílẹ̀ gbọnrangandan lábẹ́ ọkọ̀, kò mira. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Irin ló ń tutù."

"Irin tí wọn ò tíì fi ṣiṣẹ́," Elétí ní, "kí ló mú un gbóná tó fi ń tutù?"

"Ẹ má dẹ́rù bà mí, Ìyàwó Wa! Ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbé iṣẹ́ èké sílẹ̀ fún mi. Ó ti ẹ̀ mú gbogbo ẹ̀ rọrùn fún mi. Okùn yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fà á, ó tú fúnra ẹ̀."

Elétí tún bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí okùn bàtà."

Òjóbó ni.

Elétí di irin ọkọ̀ mú. Fún oṣù mẹ́ta ló ti ń bẹ̀rù láti ronú pé ọkọ òun dá nìkan ti kọ́nfátà náà, kò gbọ́, ó sì ṣì í kà. Kò ṣì í kà. Ó mọ̀ pé òun ò gbọ́. Ó ti í títí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ó ta òjóbó sí i, ó mú ṣọ́ọ̀kì dání, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Elétí ló ń dúró dè. Aago mẹ́rin ni Elétí sọ fún un pé òun á dé.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀," Elétí ní. "Ẹ̀gbọ́n yín dití."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, sókè, kí ẹni tó wà lábẹ́ igi gbọ́ pẹ̀lú. "Ọ̀gá dití. Ọdún mọ́kànlá. Èmi ni etí rẹ̀. Kò sí gíà kan tó wọlé ní ṣọ́ọ̀bù yìí tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ àti etí mi. Ọjọ́ tó kú, mi ò sí ńlé. Kò parí iṣẹ́ yìí. Ó ń dúró dè mí ni."

Bàbá Olómi ti dìde. Ó rìn wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá?" ó ní. "Háà! Gbogbo bí mo ṣe ń bú u lẹ́yìn nígbàkigbà tó bá pẹ́ níbi iṣẹ́! Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé Ọ̀gá ní sùúrù. Mo ní bó ti wù kí n bú u tó, kì í dáhùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Elétí kó tó mọ̀, omijé sì tẹ̀lé e.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó tú bóòtù méjèèjì, ó sọ jáàkì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fa gíà jáde sójú ìmọ́lẹ̀. Elétí mú àkísà, ó nu eruku ẹ̀gbẹ́ tó ti kọjú sí ògiri fún oṣù mẹ́ta. Ìlà ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Méjì ni.

"Ẹ kúnlẹ̀ síhìn-ín," Elétí ní. "Ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ẹ máa yí i, ẹ máa tì í. Ẹ má kánjú."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Elétí gbé ìka kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi ò dití o, Ìyàwó Wa."

"Mo mọ̀. Ẹ máa yí i."

Ó yí i lápá ọ̀tún, ó yí i padà. Irin ń họ irin nínú lọ́hùn-ún. Elétí pa ojú dé. Ó ń gbọ́ èémí Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń gbọ́ omi tó ń kán nínú tánkà Arúgbó, ó ń gbọ́ aago ara ògiri. Lábẹ́ gbogbo wọn, ó gbọ́ ibi tí eyín irin ti ń wá eyín irin kiri, tí kò rí i, tí kò rí i.

"Ẹ dá a padà díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ yẹn. Ẹ tì í."

Kó.

Kọ́nfátà náà wọlé ní ìbú ìka kan. Elétí tọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni nǹkan dáhùn lẹ́yìn wọn. Orí tábìlì iṣẹ́ ló ti wá, tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́ àfi tapólì tí wọ́n ká. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ó dún gbọin, bí ẹni fi eegun ìka kan pákó. Bàbá Olómi fò sẹ́yìn. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú padà wéré.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Kò sẹ́nì kankan. Ṣọ́ọ̀kì ló wà lórí tábìlì, ó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró létí tábìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Elétí ti dá a padà sínú agolo. Agolo wà lórí pẹpẹ, ó wà ní dídé.

Elétí dìde, ó lọ mú ṣọ́ọ̀kì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó padà wá, ó fa ìlà kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tó kù. Ìlà tirẹ̀ wọ́, kò gún bíi ti Ọ̀gá. Ó dá ṣọ́ọ̀kì náà padà sínú agolo, ó dé e.

Nígbà tí wọ́n tún gbé gíà sókè, ó kan ẹ́ńjìnnì láìfi nǹkan kan tì í. Ìka Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló fi yí gbogbo bóòtù dé ìdí kó tó mú sípánà. Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí, àfi ìgbà kan tó ní, lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Èmi ni àbúrò rẹ̀." Elétí ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni kò jẹ́." Ó ní, "Mo mọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Wọ́n rọ ọ́ìlì. Bàbá Olómi gun orí ìjókòó rẹ̀, ó dáná sí ẹ́ńjìnnì, ó fà á sí gíà. Arúgbó mí kanlẹ̀, ó sún síwájú wọ̀ọ̀, kò ta, kò gbọ̀n. Bàbá Olómi na orí jáde lójú fèrèsé. "Ìyàwó Ọ̀gá! Mà á sọ fún gbogbo wọn o! Mà á ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ Elétí!" Ó yà sójú títì, ó fọn fèrè, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ń sáré tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń tẹ́tí sí gíà, bí ẹni tó ń sin àlejò.

Elétí nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró ti tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń gbọ́ bí ìró ọkọ̀ náà ti ń jìnnà. Ó gbọ́ bí gíà ti yí sí kejì, ó gbọ́ bó ti yí sí kẹta.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òun ló máa ń tọ́ Ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá kò tọ́ ọ rí, nítorí kò sí ohun tí òun náà lè bá a gbọ́.

Ohun kan kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró. Kò wolẹ̀, kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Lẹ́ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ tààrà síbi tábìlì. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ṣí agolo, ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìdérí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, kó tó rántí láti sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o."